Tẹmọ́mítà fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ processor

Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gé fídíò ìgbéyàwó níbí ní Sabon Gari, tòkunbọ̀ ni. Core i5-4570 ló wà nínú rẹ̀, processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí Intel gbé jáde ní 2013, ó sì ṣì ń jẹ́ mi níṣẹ́ dáadáa. Ooru nìkan ló ń bá a jà. Bí oòrùn Kánò bá ti ń lọ sí 40 lórí ìwọ̀n Celsius láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, bí mo bá ń rẹ́ńdà fídíò gígùn (ìyẹn ni pé kí kọ̀ǹpútà pa gbogbo ohun tí mo gé pọ̀ di fídíò kan), á kọ́kọ́ sáré, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Fídíò tó yẹ kó parí kí n tó jẹun alẹ́ á di ti òru, ìyàwó á sì máa pè mí: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, àwọn àna mi ń bèèrè fídíò yẹn o.”

Mo mọ̀ pé processor ní sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀ nínú, HWiNFO, ètò kan lórí kọ̀ǹpútà, sì ń kà á fún mi. Àmọ́ ohun tí sẹ́ńsọ̀ yẹn ń sọ ni iye tó kù kí ooru tó kan òpin. Òpin tèmi jẹ́ 100. Bó bá ní ó ku 4, HWiNFO á yọ 4 kúrò, á kọ 96 síwájú mi. Tó bá ti kan òpin, processor á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jóná, rẹ́ńdà á sì falẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n 96 kò lè sọ ibi tí ooru ti há fún mi. Ṣé láàárín processor àti heatsink (irin tó ń gba ooru kúrò lára processor) ni, àbí láàárín heatsink àti afẹ́fẹ́ yàrá?

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ni mo gbà lọ. Wọ́n ní tẹmọ́mítà kékeré kan tó ní wáyà dúdú, orí irin wà níparí wáyà náà, ó sì ń ka ooru láti -50 dé 110. Kò wọ́n rárá. Bùrọ̀dá tó tà á fún mi bi mí pé, “Àǹtí, ṣé fíríìsà yín ni kò dì mọ́ ni?” Mo ní kọ̀ǹpútà ni. Ó wò mí títí.

Mo dán an wò ná. Mo fọ́ píọ̀ wọ́tà dídì sínú ife, mo bu omi díẹ̀ sí i, mo ti orí irin bọ̀ ọ́: 0.4. Omi híhó ńkọ́? Ẹ má retí 100 ní Kánò. Ìlú yìí fi nǹkan bí mítà 480 ga ju òkun lọ, omi ti ń hó níbí ní nǹkan bí 98. Tèmi ka 97.6. Fún ohun tí wọ́n ṣe nítorí ẹran dídì, mo kí i.

Ibi tí orí irin máa wà ni iṣẹ́ wà. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká tì í bọ àárín processor àti heatsink, ṣebí ibẹ̀ ló gbóná jù.” Rárá o. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fara kanra. Ohunkóhun tó bá gbé heatsink sókè díẹ̀ báyìí, ooru ò ní rọ́nà kọjá mọ́. Ìlànà Intel fúnra rẹ̀ fún wíwọn ibẹ̀ ni pé kí wọ́n gbẹ́ ojú irin tó bo processor, kí wáyà tín-ín-rín lè sùn sínú rẹ̀. Èmi ò ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rin, n kò sì ní processor méjì. (Ẹ ó rí i tí Intel kọ òpin ooru 72.72 sí processor yìí. Ti ojú irin yẹn ni, kì í ṣe ti inú. Ẹni tó rí 85 nínú HWiNFO tó ń pariwo pé ó ti kọjá ààlà, ohun méjì tí kò bára mu ló ń fi wéra.)

Ìdí heatsink ni mo yàn. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo yọ wáyà iná, mo fọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀ kí iná ara mi lè sọ̀kalẹ̀. Mo fi thermal paste (ìpara tó ń jẹ́ kí ooru ráyè kọjá láti irin kan sí èkejì) díẹ̀ pa orí irin náà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí heatsink níbi tó sún mọ́ processor jù, mo wá fi tépù búráùn tó ń fara da ooru, tí àwọn atún-fóònù-ṣe ní Farm Centre ń lò bò ó tán, kí irin má baà kan ohunkóhun lórí bọ́ọ̀dù. Ẹ má lo sẹ́lótéèpù, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á yọ́. Mo so wáyà náà jìnnà sí fáànù, mo gbé ojú tẹmọ́mítà síwájú àpótí.

Mo rẹ́ńdà. HWiNFO ka 96, tẹmọ́mítà ka 58, yàrá wà ní 38. Láti heatsink sí afẹ́fẹ́ yàrá, 20 péré. Láti inú processor sí heatsink, 38! Ìyẹn ni pé heatsink àti fáànù ń tú ooru tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn ká. Ooru ni kò tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo tú heatsink, mo bá paste tó ti gbẹ bí èèpá ojú egbò. Mo fi spirit nu ún, mo kán tuntun sí àárín, mo dè é padà, tí mo ń fún ìdè igun kan díẹ̀, kí n tó lọ sí igun tó dojú kọ ọ́. Mo tún rẹ́ńdà: 81 nínú, 62 níta. Ti ìta tó gòkè yẹn dùn mọ́ mi ju 81 lọ, torí ooru ti ń jáde nìyẹn. Ká ní HWiNFO nìkan ni mo gbójú lé, fáànù ńlá ni ǹ bá fi owó rà lásán.

Àwọn aládùúgbò ní kí n ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, kí n gbé fáànù onídùúró tì í. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ bóyá. Eruku tibí kò gba irú ẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí eruku á dí àárín àwọn irin pẹlẹbẹ heatsink pa. Ìgbà ọyẹ́ gan-an ni tẹmọ́mítà yìí tún wúlò: bí inú àti ìta bá jọ ń gòkè, tí àlàfo àárín wọn kò yí padà, eruku ni. Mo máa ń gbé kọ̀ǹpútà jáde, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá heatsink, ó parí. Tí àlàfo náà bá ń fẹ̀ ni mo tó ń ra paste.

Bátìrì LR44 méjì ni tẹmọ́mítà náà ń lò, àwọn tó ń tún aago ṣe ń tà á.