Ẹ Bá Mi Dúpẹ́: Èmi àti Ajá Mi La Ìjì Irma Já ní Saint John

Ẹ yin Olúwa! Ẹ bá mi gbé orúkọ Rẹ̀ ga. Ohun tí ojú mi rí ní erékùṣù Saint John lọ́dún 2017, bí kì í bá ṣe àánú Rẹ̀ ni, ẹlòmíràn ni ì bá máa rò ó fún yín. Inú balùwẹ̀ ni mo wà, ìjì ń ká páànù lórí wa, nígbà tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ilẹ̀ bá mọ́ bá èmi àti Tanímọ̀la láàyè, n ó dúpẹ́ ní gbangba, n ó sì dárúkọ àwa méjèèjì.

Mo dúpẹ́ nínú ìjọ wa ní Maryland lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó gba makirofóònù, bàbá ìjọ kan ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ìyá Dámilọ́lá, ẹ sọ ti ìjì, ẹ sọ ti ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ọ̀rọ̀ ajá dé iwájú pẹpẹ." Àgbà ni wọ́n, mo gbọ́ sí wọn lẹ́nu. Bí ẹ̀jẹ́ mi ṣe di ààbọ̀ nìyẹn, ààbọ̀ tó kù ni mo ń san níhìn-ín. Ẹni tó bá sì rò pé Ọlọ́run kì í ka ẹran mọ́ àwọn tí Ó ń ṣàánú fún, kí ó ka ìwé Jónà dé ìlà tó kẹ́yìn.

Tanímọ̀la, ajá ni o. Dámilọ́lá ọmọ mi ló gbà á, tó ní òun ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ wọ yunifásítì, ta ni wọ́n fi ajá sílẹ̀ fún? Ìyá ni.

Iṣẹ́ oúnjẹ ni mò ń ṣe. Lọ́dún 2016, ibi tí mo ti ń dáná ní Maryland kógbá wọlé. Ẹnì kan tí a jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló sọ fún mi pé kí n gbìyànjú Saint John, ọ̀kan nínú erékùṣù Virgin tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà ní òkun Kàríbíànì. Amẹ́ríkà ló ra àwọn erékùṣù yẹn lọ́wọ́ Denmark lọ́dún 1917, ní mílíọ̀nù 25 dọ́là, nítorí náà ọmọ Amẹ́ríkà kò nílò físà, kò nílò ìwé iṣẹ́ kankan. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin ni ọjà wọn máa ń yá, nígbà tí àwọn tó ń sá fún òtútù bá ya débẹ̀. Àwọn ilé oúnjẹ á máa wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án, àwọn mìíràn nínú wọn á ti ilẹ̀kùn pátápátá, nítorí ìgbà tí ìjì máa ń pọ̀ jù ti dé.

Kí ajá tó lè wọlé, ó gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó di dìgbòlugi, kí dókítà ẹranko sì fọwọ́ sí ìwé pé ara rẹ̀ le. Dókítà tún fún wa ní oògùn oníhóró kan tí yóò máa jẹ lóṣooṣù, nítorí ẹ̀fọn ibẹ̀ máa ń gbin aràn sínú ọkàn ajá. Tanímọ̀la tóbi ju ẹni tí a lè tì sábẹ́ àga lọ, inú àgò ni wọ́n tì í sí, ní ibi ẹrù ọkọ̀ òfuurufú. Saint John kò ní pápákọ̀ òfuurufú, Saint Thomas, erékùṣù tó wà nítòsí rẹ̀, la bọ́ sí, a wọ takisí dé Red Hook, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi fún bí ogún ìṣẹ́jú kí a tó gúnlẹ̀ sí Cruz Bay.

Ilé ló wá di ìṣòro. Láti 1956 ni ìjọba ti ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè, ó ju ìdajì erékùṣù náà lọ, ilé tó kù fún ènìyàn láti gbé kò tó nǹkan, owó rẹ̀ sì ga. Gbogbo ẹni tí mo bá lọ bá ló ń sọ pé, "Ìwọ, kò burú. Ajá, rárá." Ohun tó yọ mí ni ìkíni. Àwọn ará erékùṣù yẹn kì í fi ìkíni ṣeré. Àlejò á wọ ṣọ́ọ̀bù, á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí nǹkan jẹ́, ọlọ́jà á sì wò ó títí, á kọ́kọ́ sọ fún un pé ẹ káàárọ̀ kó tó dá a lóhùn. Èmi tí wọ́n tọ́ ní Ìbàdàn, ṣé ẹnì kan tún máa kọ́ mi nìyẹn? Mo kí màmá àgbàlagbà kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo béèrè bí wọ́n ṣe sùn, orúnkún mi sì ti tẹ̀ kí n tó mọ̀. Wọ́n béèrè ibi tí mo ti wá. A sọ̀rọ̀, a sọ̀rọ̀, ó wá hàn pé wọ́n ní yàrá kan nísàlẹ̀ ilé wọn ní Coral Bay.

"Ṣé ajá yẹn máa ń pa adìyẹ?"

"Rárá, Màmá. Ẹ̀rù adìyẹ ló ń bà á." Òótọ́ ni mo sọ. Ajá Amẹ́ríkà ni.

Bí mo ṣe rí ilé gbà nìyẹn. Màmá yìí ló kọ́ mi ní oúnjẹ wọn: fungi, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi ilá rò lórí iná, àti kallaloo, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ilá, akàn àti ẹja sè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bu òkèlè, mo sọ fún wọn pé ará ilé mi ló gbé e wá síbí. Àwọn náà ló fi igi manchineel hàn mí létí òkun, igi tí èso rẹ̀ lẹ́wà, tí oje rẹ̀ sì ń bó ènìyàn lára. Wọ́n ní kódà bí òjò bá ń rọ̀, mi ò gbọdọ̀ yà sábẹ́ rẹ̀. Ọgbà ìtura kò gba ajá láyè ní etíkun, nítorí náà ojú ọ̀nà inú igbó ni mo ń fi okùn fa Tanímọ̀la gbà, níbi tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí kò ní olówó ti ń rìn fàlàlà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà bà á lẹ́rù.

Iṣẹ́ lọ dáadáa. Nígbà tí àsìkò parí, mo fẹ́ padà sí Maryland, ṣùgbọ́n ooru ti mú. Ní ìgbà ooru, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í fẹ́ gbé ajá sí ibi ẹrù, kó má baà kú síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pariwo lórí fóònù láti Ìbàdàn: "Nítorí ajá! Ajá lásán-làsàn lo torí ẹ̀ jókòó sáàárín òkun?" Mi ò fèsì, ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo dúró kí ooru rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni Irma bá wa.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ni. Ìpele karùn-ún ni wọ́n pè é, kò sí èyí tó ga jù ú lọ, atẹ́gùn rẹ̀ ń sáré bí máìlì 180 ní wákàtí kan. Màmá ti rí ìjì Hugo lọ́dún 1989, wọ́n ti rí ìjì Marilyn lọ́dún 1995, wọn ò pariwo, wọn ò sáré. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n ṣe ni kí n gun àkàbà, kí n yọ páìpù tó ń gbé omi òjò láti orí òrùlé lọ sínú táǹkì abẹ́ ilé. Ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ kò ní kànga, omi òjò ni wọ́n ń mu. Bí ìjì bá rọ omi òkun àti ewé sínú táǹkì, òùngbẹ ni yóò pa àwọn tí atẹ́gùn bá dá sí. A kan pákó mọ́ fèrèsé. Mo fi bírò tí kì í parẹ́ kọ nọ́ńbà fóònù Dámilọ́lá sára okùn ọrùn Tanímọ̀la. Mo wo apá mi, mo kọ nọ́ńbà kan náà síbẹ̀.

Àwa mẹ́ta la wọ balùwẹ̀ ìsàlẹ̀: Màmá, èmi, ajá. Kọnkéré ni ògiri rẹ̀, kò sì ní fèrèsé. A fi fóòmù ti ilẹ̀kùn. Tanímọ̀la ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, ó ń gbọn orí, ó ń fi ẹsẹ̀ họ etí. Kò pẹ́ tí etí tèmi náà dí, tó tún là, tó tún dí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìṣó tó ń fà yọ lórí òrùlé òkè, ọ̀kan, òmíràn, òmíràn, títí a ò fi lè kà á mọ́, tí páànù sì lọ. Omi ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ọmọ ìjọ Moravian ni Màmá, ìjọ tó ti wà ní àwọn erékùṣù yẹn láti 1732, orin ìsìn ni wọ́n ń kọ. Èmi ń ka Sáàmù 91 lórí ahọ́n, ní Yorùbá. Wọ́n dáwọ́ orin dúró, wọ́n ní, "Kà á sókè, ọmọ mi." Wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Mo kà á sókè. Ajá wà láàárín ẹsẹ̀ wa, ó ń gbọ̀n, ó sì tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́.

Ẹ má retí pé ajá ló gbà mí là o. Kò gbó, kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò fa ẹnikẹ́ni jáde. Ó kàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa ni.

Nígbà tí a jáde, ilé òkè ti di gbangba. Òkè tó tutù yọ̀yọ̀ lánàá kò ní ewé kan, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni pé wọ́n dáná sun ún. Ní Coral Bay, ọkọ̀ ojú omi gorí ara wọn, òmíràn wà lójú títì. Kò sí iná, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Ṣùgbọ́n omi inú táǹkì Màmá mọ́ gaara! Gbogbo àdúgbò ló ń gbé garawa wá. Fíríìsà oníkálukú sì ti ń yọ́, wọ́n ń kó ẹran àti ẹja wá bá mi, mo ń se é lórí gáàsì, ẹni tó bá ti dé ń jẹ. Iṣẹ́ tí mo wá ṣe fún owó, mo wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò sì tíì dáná tó dùn mọ́ mi báyẹn rí. Tanímọ̀la jẹ ẹran ewúrẹ́ yó.

Ibì kan wà lórí òkè tí fóònù ti ń gbà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọjá kí ohùn mi tó dé etí Dámilọ́lá, òun ló sì so mí mọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún, wọ́n yin Ọlọ́run, wọ́n bú mi díẹ̀. Wọ́n wá dákẹ́, wọ́n ní, "Ajá yẹn ńkọ́?"

Àwọn ará Puerto Rico, erékùṣù tó wà nítòsí, ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn jù. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Ọkọ̀ ojú omi tara wọn ni wọ́n fi ń kó omi, oúnjẹ, oògùn àti jẹnẹrétọ̀ wá, tí wọ́n sì ń fi kó ènìyàn padà. Ní èbúté Cruz Bay, aláìsàn, arúgbó àti ìyá ọlọ́mọ ló ń kọ́kọ́ wọlé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Màmá kọ̀ láti lọ, wọ́n ní òrùlé àwọn ń dúró de àwọn. Nígbà tó kàn mí, ẹni tó mú ìwé orúkọ dání wo Tanímọ̀la, ó ní ènìyàn nìkan. Mo kúrò lórí ìlà, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe.

Awakọ̀ náà fò wálẹ̀. Ó sọ ohun kan ní Sípáníìṣì, mi ò gbọ́. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ikùn ajá, ó gbé e wọ inú ọkọ̀, ó wá na ọwọ́ sí mi. Ẹni tó mú ìwé dání yíjú sí ibòmíràn. Lójú òkun, Tanímọ̀la bì sí i lórí bàtà. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi omi òkun ṣan bàtà, a ń lọ. Ní Fajardo, níbi tí a gúnlẹ̀ sí ní Puerto Rico, mo fi owó lọ̀ ọ́, kò gbà, ó kàn gba nọ́ńbà mi.

Ní San Juan, olú ìlú Puerto Rico, ẹnì kan tó fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré tirẹ̀ kó oògùn wá ń padà sí Florida lófo. Ó gbé wa, pẹ̀lú ajá, láìbéèrè kọ́bọ̀. Àbúrò mi wa mọ́tò láti Maryland wá pàdé wa.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kan náà ni ìjì mìíràn, Maria, kọlu Puerto Rico, tí iná sì kú ní gbogbo erékùṣù náà. Lórí àga ní pálọ̀ àbúrò mi ni mo jókòó sí tí mò ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo pe awakọ̀ náà, kò wọlé. Mo tún pè é, kò wọlé. Ó pẹ́ kí ó tó fèsì: òrùlé òun náà ti lọ, ọkọ̀ òun ti fọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó àti ọmọ òun wà láàyè. Ìjọ wa dá owó jọ fún un, bàbá ìjọ tí mo sọ lókè yẹn ló sì fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Màmá náà pè mí nígbà tí iná dé padà; tapólì aláwọ̀ búlúù ló bo ilé wọn, wọ́n sì ní kí n bá àwọn kí Tanímọ̀la.

Awakọ̀ tí kò gba owó mi, Ọlọ́run yóò fi ọkọ̀ tó dára ju ti àtijọ́ lọ dá ọ lọ́lá, òkun kò ní gbé ọ lọ. Màmá, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ìwọ tó fi ọkọ̀ òfuurufú gbé wa, ibi tí o bá gbéra ni wàá máa padà sí láyọ̀. Ẹ bá mi ṣe àmín wọn.