Ìkòkò ọ̀rá kan, ọdún 18

Ìwé àwìn mi ti kún. Kàyé pẹlẹbẹ kan ni, mo rà á ní ọjà Wándó lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta lélẹ̀ lẹ́yìn ilé wa níbí, ní Àjàṣẹ́. Lọ́sàn-án ni mo máa ń gbé àtàsí lọ fún àwọn másọ̀n: ìrẹsì tí mo sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, ata díndín, ẹyin fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ẹnikẹ́ni ò ra ẹyin. Patírọ̀n wọn ò tíì sanwó.

"Màmá Ìbejì, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀." Mo ń kọ ọ́.

Ìtàn ni mo kọ́ ní yunifásítì Abomey-Calavi kí n tó di olóúnjẹ. (Iṣẹ́ ni kò sí; ìrẹsì wà.) Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa Íjíbítì àtijọ́, abúlé Deir el-Medina ló wọ̀ mí lára jù, níbi tí àwọn tó ń gbẹ́ ibojì àwọn ọba ń gbé. Owó kò sí nígbà náà, ọkà ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù. Òṣìṣẹ́ ń gba àpò 5 àti ààbọ̀, ọ̀gá wọn ń gba 7 àti ààbọ̀. Ìyẹn ò tiẹ̀ burú. Inú ihò tí wọ́n ń gbẹ́ ni ìyàtọ̀ wà: pósí tó wà nínú lọ́hùn-ún tí wọ́n tẹ́ Tutankhamun sí, ojúlówó wúrà ni, ó lé ní kílò 100. Ọmọdé ọba nìyẹn o! Àwọn mẹ̀kúnnù tí wọ́n sin sí Amarna, tó jẹ́ olú ìlú Íjíbítì nígbà kan, ẹní ni wọ́n fi wé wọn. Ẹrù wúwo ti ba eegun ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́.

Ní ọdún 29 tí Ramesses III jọba, ọkà àwọn ará Deir el-Medina kò dé. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọjọ́ 18 ti lọ nínú oṣù, wọ́n pa iṣẹ́ tì, wọ́n kọjá ògiri, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ḿpìlì Thutmose III, ọba tó ti kú tipẹ́. Wọ́n ní ebi àti òùngbẹ ló gbé àwọn dé ibẹ̀, kò sáṣọ, kò sóróró, kò sẹ́ja, kò sẹ́ẹ̀fọ́, kí wọ́n kọ̀wé sí Fáráò. Wọ́n rí ọkà gbà níkẹyìn, àmọ́ wọ́n tún padà lọ jókòó lẹ́yìn ìyẹn.

Ṣùgbọ́n Menna ni tèmi. Òṣìṣẹ́ abúlé yẹn ni. Ó ta ìkòkò ọ̀rá tútù kan fún Mentmose, olórí ọlọ́pàá, lọ́dún 17 tí Ramesses III jọba. Mentmose ní òun á fi ọkà báálì san án. Menna pè é lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, pàbó ló já sí. Ọba kú, òmíràn jẹ, ó tún pè é lẹ́jọ́: ọdún 18 ti kọjá lórí ìkòkò kan ṣoṣo! Ìgbà náà ni ọ̀gá ọlọ́pàá tó búra pé bí òun ò bá san án lọ́jọ́ tí wọ́n dá, kí wọ́n na òun ní ọgọ́rùn-ún pàṣán, kí gbèsè náà sì di ìlọ́po méjì. A mọ gbogbo èyí nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Orí èérún òkúta àti àpáàdì ni wọ́n ń kọ irú rẹ̀ sí, kàyé tiwọn nìyẹn.

Mo ṣírò tèmi lálẹ́ àná. Nínú gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀, kò sí másọ̀n kan tó jẹ mí tó 6,000 fáráǹ. Patírọ̀n wọn ló jẹ mí jù, 14,000, adìyẹ ló sì máa ń jẹ. Òun kì í sọ pé "ẹ kọ ọ́ sílẹ̀". "Ẹ fi sílẹ̀ ná" ló máa ń sọ, á wọ mọ́tò, á lọ.

Mo ra kàyé tuntun láàárọ̀ yìí. Orúkọ rẹ̀ ni mo fi ṣí i, bíìkì pupa ni mo fi kọ ọ́. Nígbà tó dé lọ́sàn-án, mo gbé e fún un pé kó fọwọ́ sí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó di ọ̀la.