Ìró Tó Dà Bíi Ti Tápẹ́ẹ̀tì

Alùpùpù àtijọ́ mi, Triumph Bonneville T120, ti ń dún kì-kì-kì níhà ọ̀tún bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án, ìró náà sì máa ń le sí i bí mo bá ń gun òkè. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò kọ́kọ́ sọ pé tápẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn irin tó ń ti fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré inú ẹ́ńjìnì) ṣí. Ní tèmi, kò yẹ kí a fọwọ́ kan sípánà títí a ó fi mọ ìgbà tí ìró náà ń wáyé gan-an, nítorí pé ìgbà yẹn ló ń júwe ibi tí àléébù wà.

Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn ènìyàn máa ń ṣi ìró tápẹ́ẹ̀tì àti ìró èéfín tó ń jò mú fún ara wọn. Fáàfù tó ń tú èéfín jáde máa ń ṣí lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí ẹ́ńjìnì bá yí po lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, bí èéfín bá ń jò níbi tí páìpù ti kan orí ẹ́ńjìnì, ìró rẹ̀ yóò máa bá ti tápẹ́ẹ̀tì rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ìjò èéfín máa ń pariwo sí i nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń fi agbára ṣiṣẹ́, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ bí irin bá gbóná tó sì wú dí àlàfo náà. Ti tápẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Kí ọkàn mi lè balẹ̀, mo wọn àlàfo tápẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá: 0.002 ínǹṣì fún fáàfù ìwọlé, 0.004 fún ti èéfín. Wọ́n pé.

Àyẹ̀wò tí mo fọkàn tán jù ni pé kí a tan ẹ́ńjìnì tó tutù ní ìta gbangba, kí a wọ ìbọ̀wọ́, kí a sì fi àkísà nínípọn dí ẹnu sàlẹ́ńsà díẹ̀ fún ìgbà kúkúrú. Èéfín tí kò rí ọ̀nà tó lẹ́yìn yóò tú jáde tagbáratagbára níbi tó ti ń jò. Lára T120, páìpù máa ń so mọ́ irin kúkúrú kan tí a yí wọ orí ẹ́ńjìnì, kìláàmpù ni ó sì ń dì wọ́n mú. Irin kúkúrú yẹn lè tú nígbà tí kìláàmpù ṣì le dan-in dan-in, ohun tí mo sì bá níhà ọ̀tún nìyẹn, pẹ̀lú èérí dúdú tó yí i ká. Ti alùpùpù Norton Commando yàtọ̀: nọ́ọ̀tì ńlá ló mú páìpù rẹ̀, bí ó bá sì dẹ̀, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì yóò jẹ tíréèdì (ojú ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀) inú orí ẹ́ńjìnì run. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ tún nọ́ọ̀tì náà fún nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, lẹ́yìn tí a bá fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, òrùka tó ń dí àlàfo oríkèé, sí i.

Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí a dín iná kù, ìyẹn tí a dẹ ọwọ́ tó ń fún ẹ́ńjìnì ní epo, ni ó ń dún pàù-pàù, afẹ́fẹ́ lè máa gba oríkèé páìpù wọlé, kí ó sì mú kí epo tí kò jóná tán gbiná nínú páìpù. Bí gbogbo oríkèé bá fún dáadáa, kí a yẹ kabúrétọ̀ Amal, ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, wò, nítorí pé ìdọ̀tí lè ti dí ojú ihò tíńtín tó ń pèsè epo nígbà tí ọwọ́ iná bá wà nílẹ̀.

Ti alùpùpù BSA Gold Star nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Sàlẹ́ńsà rẹ̀ máa ń ké bí ẹyẹ nígbà tí a bá dín iná kù, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì mọ ìró yẹn mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ tú páìpù palẹ̀.