Ilẹ̀ Tó Dà Gẹ̀rẹ́

Sátidé, alẹ́

Mo lọ ra táìlì lónìí. Ẹni tó júwe ibẹ̀ fún mi kò mọ̀ pé ilé sinimá ni mo fi mọ ilé náà. Èmi gan-an ò tètè dá a mọ̀. Wọ́n ti kun iwájú rẹ̀, wọ́n sì ti dí fèrèsé kékeré tí a ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ rántí. Mo wọlé, n kò tíì rìn jìnnà tí ilẹ̀ ti ń fà mí síwájú, bó ṣe ń fà mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí àga mi kí wọ́n tó gòkè lọ síbi iṣẹ́ wọn.

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ilẹ̀ náà kó dà gẹ̀rẹ́ ni, kí orí ẹni iwájú má bàa dí ojú ẹni ẹ̀yìn. Gbogbo ẹni tó gba ilé náà lẹ́yìn náà ló sì bá a jà. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló bá mu, torí ibì kan náà ni gbogbo ojú kọ sí. Àwọn tó sọ ọ́ di gbọ̀ngàn ìgbéyàwó da kankéré sí apá kan kí tábìlì lè dúró. Ní báyìí, pákó ni wọ́n fi ń há ìdí páálí táìlì kó má bàa yẹ̀.

Ní Buenos Aires, Grand Splendid, ilé tíátà tí wọ́n ṣí ní 1919 tó sì di ilé sinimá, ti di ilé ìtàwé, ọnà àjà rẹ̀ sì wà níbẹ̀ digbí. Ní Detroit, ilé sinimá Michigan Theatre ti 1926 di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ti àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Ìkejì, mi ò lè wo fọ́tò rẹ̀ pẹ́.

Ẹ̀rọ méjì tó ń gbé fíìmù sójú ògiri ni ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́jú. Róòlù fíìmù kan kì í ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ. Bó bá ti fẹ́ tán, àmì róbótó kan á yọ fìrí ní igun òkè àwòrán lápá ọ̀tún, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀rọ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí àmì kejì bá yọ, wọ́n á pààrọ̀. Bí ọwọ́ bá yá, kò sẹ́ni tó máa fura. Èmi nìkan ni wọ́n fi àmì náà hàn. Gbogbo ará ilé sinimá á máa wo ìjà, èmi á máa wo igun yẹn, torí bí mo bá ti rí i, mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti wà lára ẹ̀rọ. Fíìmù òde òní kò ní in mọ́. Kò sí róòlù tẹ́nikẹ́ni ń pààrọ̀.

Mo pè wọ́n lálẹ́ yìí.

“Bọ̀dá mi, mo wọ ilé sinimá lónìí.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Àwọn ihò ara ògiri ẹ̀yìn ńkọ́?”

“Wọ́n ti dí wọn, ó ku ẹyọ kan. Èyí tó kéré, lápá òsì.”

“Ibẹ̀ ni mo ti máa ń yọjú wo ibi tí o jókòó sí,” ni wọ́n wí, “kí n tó pààrọ̀ róòlù.”