Ohun tójú mi rí ní wọ́ọ̀dù wa lọ́dún 2024

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Látìgbà tẹ́ ẹ ti dìbò yàn mí ní káńsẹ́lọ̀ n'Íbàdàn ńbí ní April 27, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ló gbà mí lákòókò jù, ó ju ti gọ́tà àti iná ojú títì lọ, mi ò sì rò ó bẹ́ẹ̀ rárá nígbà tí mò ń ṣe kánpéènì.

Ọ̀pọ̀ yín rò pé káńsẹ́lọ̀ lè pàṣẹ fún DPO, ìyẹn ọ̀gá téṣàn ọlọ́pàá. Rárá o. Àbújá ló ni ọlọ́pàá, gómìnà gan-an ò lè dá gbé DPO kan kúrò níbi tó wà. Ohun témi ní ò ju ẹsẹ̀ tí mo fi ń rìn lọ sí téṣàn àti ẹnu tí mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Lóṣù September, ó kù díẹ̀ kí aago méjì òru lù, ìyá àgbà kan pè mí, ẹkún ló ń sun, ó ní àwọn ọlọ́pàá wá àkọ́bí òun wálé torí gbèsè, wọn ò bá a, ni wọ́n bá mú àbúrò ẹ̀ lọ. Mo ró ìró mọ́ra, mo gba téṣàn lọ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn káńtà lọmọ yẹn jókòó sí, kò wọ ẹ̀wù, ó ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni bélì, síbẹ̀ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń bèèrè 30,000 náírà. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, Òfin Ọlọ́pàá tọdún 2020 ní ẹ ò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì, ó tún ní ẹ ò gbọdọ̀ torí gbèsè mú èèyàn. Wọ́n ní kí n dúró de ọ̀gá. Orí bẹ́ǹṣì yẹn nilẹ̀ mọ́ mi sí. Bí DPO ṣe dé tó gbọ́, ó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, kọ́bọ̀ ò jáde. Àmọ́ ìyá ẹ̀ ti sáré lọ yá owó yẹn lọ́wọ́ olówó èlé, ó so ó mọ́ etí ìró ẹ̀ wá. Ó dùn mí dọ́kàn.

Mi ò ní kẹ́ ẹ kórìíra ọlọ́pàá o, mo mọ èyí tó fi owó ara ẹ̀ ra epo sọ́kọ̀ kí wọ́n tó lè jáde lóru, nígbà tí lítà kan ti lé ní 1,000 náírà. Ẹni bẹ́ẹ̀, màá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ níbi gbogbo.

Àmọ̀tẹ́kùn ń gbìyànjú, wọn ò kàn pọ̀ ni. Àwọn ọlọ́dẹ tiwa ńkọ́? Méjì fiṣẹ́ sílẹ̀ ní August torí pé àwa lánlọ́ọ̀dù jẹ wọ́n lówó oṣù méjì, ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, ó yẹ kí n ti tètè pe mítìn. Owó àpapọ̀ láti Àbújá tílé ẹjọ́ tó ga jù ní July 11 ní kó máa wá tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, a ṣì ń retí ẹ̀.

Èyí tí mi ò tíì rí yanjú ni ti ìyá oníbúrẹ́dì tí wọ́n dá ògiri ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lu ní November, wọ́n kó fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí téṣàn, wọn ò tíì mú ẹnì kankan. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá ló ń bi mí pé, "Káńsẹ́lọ̀, ṣé wọ́n ti rí i?" Ọjọ́ kejì January, èmi àtiẹ̀ la jọ ń padà lọ.