Ẹ Ka Ara Yín Kí Ẹ Tó Tilẹ̀kùn

Ọdún kẹrìnlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù lọ fún àwọn tó ń wa epo láàárín agbami ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún pé ọkọ̀ ńláńlá nìkan ni ajalèlókun ń lé.

Irọ́ ni. Irú ọkọ̀ tiwa gan-an ló rọrùn fún wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sílẹ̀ nítorí ibẹ̀ la ń to ẹrù sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. A kì í sì í sáré. A lè dúró lójú kan fún wákàtí mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle epo, kí kírénì máa gbé ẹrù lórí wa.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, ẹni tó ń ṣọ́nà rí ọkọ̀ kékeré kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Rádà kò fi í hàn, ìgbì ń bò ó mọ́lẹ̀. Ojú ẹ̀dá ló rí i: ọkùnrin mẹ́fà, àkàbà, àti ìkọ́ irin lórí ọ̀pá gígùn. Ọ̀gákọ̀ tẹ bọ́tìnnì ìdágìrì, aago dún, a sáré wọ citadel, yàrá onírin tí a máa ń ti ara wa mọ́ bí olè bá dé. A ti ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn la tó ka ara wa: mẹ́tàlá. Mẹ́rìnlá ni wá. Alásè kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó fi dẹ́rù bà wá tó bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ ogun ojú omi bá fẹ́ wá gbà yín, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè ni bóyá gbogbo yín wà nínú yàrá náà. Bí ẹyọ ẹnì kan bá wà lọ́wọ́ olè, wọn ò ní wọlé, kí ìbọn má baà bá a.

Ẹnjiníà kejì ní ká ṣílẹ̀kùn fún òun. Inú yàrá yìnyín ló ti bá alásè, ẹran ló ń tò. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ nípọn, kò gbọ́ aago rárá. Bí àwọn méjèèjì ṣe wọlé báyìí la gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí wa.

Fóònù sátẹ́láìtì wà nínú citadel, báńtìrì rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n kò ní eríàlì kankan tó jáde síta. Irin ló yí wa ká, kò lọ. Ilé iṣẹ́ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó wà. Kò sẹ́ni tó dán an wò láti inú ibẹ̀ rí. Ọpẹ́lọpẹ́ bọ́tìnnì tí ọ̀gákọ̀ tẹ̀, òun ló mú ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ wá. Àwọn olè náà kó fóònù àti owó wa, wọ́n sá lọ.

Èèyàn gan-an ni wọ́n ń wá. Ní 2020, International Maritime Bureau, àjọ tó ń tọ́pa ìwà ọ̀daràn lójú omi, ka 135 atukọ̀ tí wọ́n jí gbé káàkiri ayé. 130 nínú wọn, Gulf of Guinea ni, agbami ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó kan Nàìjíríà. Ní ọ̀nà Sòmálíà, tọkọ̀ tèèyàn ni wọ́n ń gbà: ọkọ̀ akẹ́rù MV Ruen wà lọ́wọ́ wọn láti December 2023 di March 2024, kí ọmọ ogun ojú omi Íńdíà tó gba àwọn 17 inú rẹ̀. Citadel náà kì í ṣe òpin àbò. Ní January 2021, wọ́n gé irin wọ ti ọkọ̀ Mozart, wọ́n kó 15 lọ, wọ́n sì pa ẹnì kan. Àkókò ni yàrá yẹn ń rà fún yín, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, olè ló ni àkókò náà.

Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹ wọ citadel, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ fi fóònù ibẹ̀ pe ilé iṣẹ́. Bí kò bá lọ, ẹ sọ fún ọ̀gákọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú orúkọ gbogbo yín lọ́wọ́. Ẹ ṣe ìdánrawò lóru, nígbà tí ẹnì kan wà ní balùwẹ̀, tí ẹlòmíràn wà ní yàrá yìnyín.

Nínú ọkọ̀ tí mo wà báyìí, iná pupa kan máa ń ṣẹ́jú nínú yàrá yìnyín bí aago bá ti dún. Alásè ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà citadel.