Ọmọlanke tó gun orí yìnyín

Sátidé, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá.

Wọ́n ti mú iná lọ, bàtírì fóònù mi ò sì pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọjọ́ òní lọ láìkọ ọ́ sílẹ̀.

Láàárọ̀ a gbé iṣẹ́ jáde ní prẹ́ẹ̀sì, pépà rẹpẹtẹ, ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gé e kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ṣómólú, ẹ mọ̀ pé ọmọlanke ló ń gbé iṣẹ́ fún wa láti ṣọ́ọ̀bù kan dé ìkejì, kò sí mọ́tò tó lè ráyè láàárín àwọn àdúgbò yẹn. Àwọn ọmọkùnrin méjì ló wá kó o. Ibi tí títì ti dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ yẹn, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, bó ṣe wá ń yí kíkankíkan ni ẹni ẹ̀yìn bá fò lé e, ó na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó ń fi sílípáàsì fa ilẹ̀ bíi búrékì. Nígbà tí wọ́n dúró mo rí ìsàlẹ̀ sílípáàsì náà. Gìgísẹ̀ ẹ̀ ti jẹ tán, ihò ti lu ú débi pé èèyàn lè rí awọ ẹsẹ̀ ọmọ yẹn. Ojú mi ò kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀.

Àṣé alẹ́ ni mo máa mọ ìdí ẹ̀. Àbúrò mi wá láti Bàrígà, ó gbé fíìmù àtijọ́ kan wá, Cool Runnings, èyí tó jáde ní 1993. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín ni, nípa àwọn ọmọ Jàmáíkà mẹ́rin tí wọn ò rí yìnyín rí láyé wọn tí wọ́n wá lọ du bobsled ní Olympics ìgbà òtútù, ọkọ̀ kékeré kan báyìí tí wọ́n máa ń sáré tì, kí gbogbo wọn tó fò sí i kó máa yọ̀ lọ lórí yìnyín. Ọ̀kan nínú wọn, Sanka, ọmọlanke ló máa ń wà dáadáa nílé, eré ìje ọmọlanke! Bí mo ṣe rí i ni mo pariwo, mo ní mo rí wọn láàárọ̀ yìí, ẹni ẹ̀yìn tó ń di búrékì mú, mo rí i ní Ṣómólú níbí.

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀ níbi tí Sanka ti lọ jókòó sínú ọkọ̀ áísìkirímù kí òtútù lè mọ́ ọn lára, bíi kéèyàn lọ jókòó sí kóòdùrúùmù àwọn ẹlẹ́ja, nígbà tó máa jáde dàdá orí ẹ̀ ti gan paali, ó mú ọ̀kan, ó kán. Èmi, ibi tó wọ̀ mí lára ni ibi tí wọ́n ń ṣe bí àwọn ará Switzerland, tí wọ́n ń ka ení èjì bíi tiwọn, tí ohun gbogbo ń dà rú, àfìgbà tí wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé. Mo fẹ́ràn pé fíìmù náà ń pa wá lẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó nífẹ̀ẹ́ wọn.

Ìgbà tó wá di eré àṣekágbá, tí wọ́n ń sáré, tí gbogbo wa ti sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, bí ọkọ̀ yẹn ṣe dojú dé báyìí, iná lọ. Ọmọ mi bú sẹ́kún. Mo ní má sunkún, mo ti wò ó rí, wọ́n máa dìde, wọ́n máa gbé ọkọ̀ yẹn lé èjìká, wọ́n á rìn kọjá ìlà, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́.

Àbúrò mi ti wà lórí fóònù tiẹ̀. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ má bínú o, wọn ò gbé e.”

Ó wá ń kà á fún wa nínú òkùnkùn. Ní Calgary, ní Kánádà, lọ́dún 1988, òótọ́ ni wọ́n lọ. Àwọn Amẹ́ríkà méjì ló rí eré ọmọlanke ní Jàmáíkà tí wọ́n ní eléyìí jọ bobsled, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó lè sáré, inú iṣẹ́ sójà ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú wọn. Dudley Stokes tó wa ọkọ̀ náà, ẹlikọ́pítà ló ń wà fún àwọn sójà. Àbúrò ẹ̀, Chris, ṣe ni ìyẹn wá wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ni ẹnì kan bá fara pa, ni wọ́n bá ní kó wọlé, ẹni tí kò jókòó nínú bobsled rí! Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti wà nínú ìdíje Olympics. Ibí yìí ni àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀ tó ní, “Ká ní èmi ni, ṣé ẹ máa pè mí?” Mo ní màá pè é. Mi ò ṣàwàdà.

Ọkọ̀ wọn dojú dé lóòótọ́, ó ń fi orí wọn họ ògiri yìnyín lọ. Nígbà tó dúró wọ́n jáde, wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọn ò gbé nǹkan kan lé èjìká. Wọ́n kàn rìn ni.

Inú kọ́kọ́ bí mi pé fíìmù purọ́ fún mi látọjọ́ yìí. Àmọ́ bí mo ṣe jókòó síbí mo rò ó pé tòótọ́ yẹn le ju ti fíìmù lọ. Ẹni tó gbé ọkọ̀ lé èjìká ní nǹkan lọ́wọ́. Ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo lójú àwọn tó rí i nígbà tó ṣubú ńkọ́? Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn mo gé ìwé ètò ìsìnkú kan bàjẹ́, gbogbo ẹ̀ pátá, abẹ gé fọ́tò màmá olóògbé dé iwájú orí, ọjọ́ kejì sì ni ìsìnkú. Èmi ni mo ní kí n lọ sọ fún wọn fúnra mi. Láti ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà àwọn ẹbí yẹn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, mo ṣì mọ gbogbo gọ́tà tí mo fò lójú ọ̀nà. Òru yẹn la fi tẹ òmíràn. Nítorí náà mo mọ ìrìn yẹn.

Wọ́n sì padà lọ o. Ní 1994, ní Norway, Jàmáíkà ṣe ipò 14, wọ́n wà níwájú Amẹ́ríkà. Àbúrò mi tún rán mi létí àwọn obìnrin tiwa, Ṣeun Adigun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, tó fi pákó kan ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ní Houston, tí wọ́n sì dé South Korea ní 2018, bobsled àkọ́kọ́ láti Áfíríkà ní Olympics. Àwọn ló gbẹ̀yìn nínú ogún. Pákó! Ó wù mí kí n rí pákó yẹn, kí n fọwọ́ kàn án.

Mo rò pé ọmọ mi ti sùn. Ó kàn wá gbé orí sókè nínú òkùnkùn, ó ní, “Mọ́mì, tí wọn ò gbé e, ṣé wọ́n ṣì dé ibẹ̀?”

Mo ní wọ́n dé.

“Ẹni ẹ̀yìn náà?”

Mo ní ẹni ẹ̀yìn náà dé. Ó yí ojú sí ògiri, ó sùn.